Kéèkì ṣokoléètì inú páànù irin: àwọn ìbéèrè tí ẹ máa ń bi mí jù

Láti ìgbà tí mo ti ń yan kéèkì yìí tà ní Adó-Èkìtì, ìbéèrè kan náà ni mò ń dáhùn lórí fóònù, lójú ọjà, àti lẹ́yìn ìsìn. Mo kó wọn jọ síbí. Ẹni tó bá fẹ́ yan án fún ìgbà àkọ́kọ́, kó bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ẹni tó ti yan án tí kò sì bọ́ sí i, kó sọ̀ kalẹ̀ sí apá ìsàlẹ̀.

Irú kéèkì wo gan-an nìyí?

Òun ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní brownie. Kì í wú bíi kéèkì ọjọ́ ìbí. Ó ki, ó wúwo, inú rẹ̀ tutù, ojú rẹ̀ sì máa ń dán, á sán fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èèpo ẹ̀pà yíyan. Etí rẹ̀ le díẹ̀ lẹ́nu, àárín rẹ̀ sì rọ̀ débi pé ó máa ń lẹ̀ mọ́ ṣíbí.

A kì í fi béékìn páúdà sí i. Ẹyin àti ṣúgà tí a lù pọ̀ ló ń gbé e sókè díẹ̀. Tí tiyín bá ga fíofío, kéèkì mìíràn lẹ yan.

Kí ló dé tó fi jẹ́ páànù irin? Ṣé agolo kéèkì tí mo ní nílé kò tó ni?

Ó tó, ẹ lo èyí tó wà lọ́wọ́ yín. Àmọ́ irin tí mò ń sọ, irin dídà tó nípọn tí wọ́n yọ́ tí wọ́n sì dà, ní ohun tí álúmínì kò ní. Álúmínì máa ń tètè gbóná, ó sì máa ń tètè tutù. Irin lọ́ra láti gbóná, ṣùgbọ́n tó bá ti gbóná, kì í tètè jọ̀wọ́ ooru náà. Páànù irin tó fẹ̀ tó ínǹṣì 10 máa ń wúwo tó kílò méjì, nígbà mìíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ, gbogbo irin yẹn ló sì ń yan etí kéèkì kó tó kan àárín. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí etí tó gbó yéké àti àárín tó tutù nínú kéèkì kan ṣoṣo.

Ó tún bá ọ̀nà tí àwa ń gbà dáná mu. Tí gáàsì bá ń lọ sílẹ̀ lábẹ́ yín, tàbí tí èédú bá fẹ́ kú, páànù irin kò ní jẹ́ kí kéèkì mọ̀ kíákíá. Agolo fẹ́lẹ́ á ti jẹ́ kó mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé irin gidi ni wọ́n tà fún mi?

Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ. Ọ̀pọ̀ ohun tí a ń pè ní ìkòkò irin lọ́jà, álúmínì ni, tí wọ́n yọ́ tí wọ́n sì dà sínú yẹ̀pẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ máa ń mọ́ bíi fàdákà, kò sì wúwo tó bí ó ṣe nípọn. Ẹ mú òòfà dání lọ sọ́jà. Èyí tí ẹ bá yọ lára sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́ ti tó. Òòfà kì í lẹ̀ mọ́ álúmínì. Tó bá lẹ̀, ẹ wá wo bí páànù náà ṣe nípọn tó, nítorí ó máa ń lẹ̀ mọ́ páànù irin fẹ́lẹ́ náà, a kò sì fẹ́ ìyẹn.

Páànù tòkunbọ̀ dára púpọ̀, òun gan-an ni mò ń lò. Kó dógùn-ún kò burú, kó ti sán ló burú. Ẹ fi ọwọ́ kan gbé e sókè, kí ẹ fi ìka kan èkejì gbá a: odidi á dún bí agogo, èyí tó ti sán á dún gbò. Àwa tí ìlú Ìrè wà nílẹ̀ wa, tí a ń ki Ògún ní Onírè, kò yẹ kí wọ́n ta álúmínì fún wa ní owó irin.

Kí ni kí n ṣe sí páànù tuntun kí n tó fi yan nǹkan?

Ẹ jẹ́ kó mu epo. Ẹni tó bá ti wo inú agbada ìyá alákàrà rí mọ ohun tí mò ń sọ. Inú agbada náà dúdú, ó ń dán, àkàrà kì í sì í lẹ̀ mọ́ ọn. Òróró tó ń gbóná lójoojúmọ́ láti ọdún pípẹ́ ló ti le mọ́ irin lára, tó di awọ. Irú awọ bẹ́ẹ̀ la fẹ́ kí páànù wa ní.

Ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ẹ nù ún, kí ẹ gbé e ka iná díẹ̀ kí omi tó kù lára rẹ̀ lè gbẹ tán. Ẹ fi òróró díẹ̀ pa á nínú, lóde, àti lára ọwọ́ rẹ̀. Òróró sóyà dára jù. Lẹ́yìn náà, ẹ mú aṣọ gbígbẹ kí ẹ nu òróró náà kúrò bí ẹni pé ẹ ṣèèṣì pa á ni. Ibí yìí lọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe: bí òróró bá pọ̀, kì í le, ṣe ló máa ń fà mọ́ni lọ́wọ́ bí oje igi. Ẹ dojú páànù náà bolẹ̀ nínú ààrò gáàsì tó gbóná tó 220°C fún wákàtí kan, kí ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀ kó tutù. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tí kò ní ààrò lè gbé e ka èédú níta títí tí èéfín rẹ̀ á fi dá.

Epo pupa kò dára fún iṣẹ́ yìí, nítorí kì í gbẹ di awọ bíi ti sóyà.

Kí ni kí n rà, báwo ló sì ṣe máa pọ̀ tó?

Fún páànù ínǹṣì 10: bọ́tà gíráàmù 150, ṣúgà gíráàmù 250, páúdà kòkó tí kò ní ṣúgà gíráàmù 80, fùláwà gíráàmù 80, ẹyin mẹ́ta, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì, àti fanílà ṣíbí tíì kan. Bí agbára bá wà, ẹ fi ṣokoléètì dúdú gíráàmù 100 tí ẹ gé wẹ́wẹ́ kún un. Bí kò bá sí, ẹ má dààmú. Páúdà kòkó ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù níbẹ̀.

Ẹ má yọ iyọ̀ kúrò. Òun ló ń mú kí kòkó dùn lẹ́nu.

Mi ò ní òṣùwọ̀n. Ṣé mo lè fi ṣíbí wọ̀n ọ́n?

Ẹ lè fi ṣíbí ńlá ìjẹun wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì máa fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé ojú rẹ̀ dọ́gba: ṣúgà ṣíbí 20, páúdà kòkó ṣíbí 15, fùláwà ṣíbí 10. Bí bọ́tà yín bá jẹ́ gíráàmù 250, ẹ fi ọ̀bẹ pín in sí márùn-ún, kí ẹ mú mẹ́ta. Tí ẹ bá ń yan án tà, ẹ ra òṣùwọ̀n. Oníbàárà tó bá jẹ ẹ́ lónìí tó sì dùn, bó ṣe dùn lónìí ló fẹ́ kó dùn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Báwo ni mo ṣe máa pò ó?

Ẹ tan ààrò sí 175°C. Ẹ gbé páànù irin ka iná wẹ́ẹ́rẹ́, ẹ yọ́ bọ́tà nínú rẹ̀, kí ẹ yí páànù náà kí bọ́tà lè kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí dókè, lẹ́yìn náà kí ẹ da bọ́tà náà sínú abọ́. Páànù ti lọ́wọ́ọ́wọ́, ó sì ti ní ọ̀rá lára. Ẹ ro páúdà kòkó àti iyọ̀ mọ́ bọ́tà náà nígbà tó ṣì gbóná. Ooru yẹn ló ń tú òórùn kòkó sílẹ̀. Àsìkò yìí gan-an làwọn ọmọ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú sílé ìdáná.

Nínú abọ́ mìíràn, ẹ lu ẹyin, ṣúgà àti fanílà fún ìṣẹ́jú mẹ́ta ó kéré tán, títí tí yóò fi ki tí àwọ̀ rẹ̀ yóò sì ṣí. Tí bọ́tà oníkòkó bá ti rọlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ lè ti ìka bọ̀ ọ́, ẹ dà á sí i. Bó bá gbóná jù, ẹyin á jinná sínú abọ́.

Ẹ wá kù fùláwà lé e lórí, kí ẹ fi orógùn kékeré rò ó títí ẹ kò fi ní rí funfun mọ́. Ibẹ̀ ni kí ẹ dúró sí. Ẹ má lù ú bí ẹni ń lu ẹ̀wà àkàrà, nítorí fùláwà tí a bá lù jù máa ń fà bíi búrẹ́dì. Ẹ da ṣokoléètì gígé sí i bó bá wà, ẹ dà á sínú páànù, kí ẹ tẹ́ ojú rẹ̀.

Ṣé mo lè fi Milo tàbí Bournvita rọ́pò páúdà kòkó?

Rárá. Ìwọ̀nyẹn dára nínú ife lówùúrọ̀, ṣùgbọ́n ṣúgà àti ọkà tí wọ́n mú hù ló pọ̀ nínú wọn, kòkó kò tó nǹkan. Tí ẹ bá fi wọ́n yan án, kéèkì náà á dùn bíi ṣúgà, àwọ̀ rẹ̀ á ràn, etí rẹ̀ á sì tètè jó. Ẹ wo ẹ̀yìn agolo nígbà tí ẹ bá ń rà á: kòkó nìkan ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Ṣé dandan ni bọ́tà? Màjáríìnì tàbí òróró ńkọ́?

Ohun tí púpọ̀ nínú wa ń pè ní bọ́tà, màjáríìnì ni. Èyí tí wọ́n ṣe fún yíyan kéèkì ṣeé lò dáadáa, ṣùgbọ́n èyí tó rọ̀ gan-an tí a ń pa mọ́ búrẹ́dì ní omi púpọ̀ nínú, kì í jẹ́ kí kéèkì yìí ki.

Òróró náà ṣeé lò. Bọ́tà gidi kì í ṣe ọ̀rá lásán, nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ ni ọ̀rá, nítorí náà òróró gíráàmù 120 ti tó dípò bọ́tà 150. Kéèkì náà á rọ̀, kò sì ní le lọ́jọ́ kejì. Adùn bọ́tà nìkan ni ẹ máa pàdánù. Fún tèmi, tí owó bá há, màá kúkú lo òróró gidi ju màjáríìnì olómi lọ.

Mi ò ní ààrò. Ṣé ó ṣeé yan lórí èédú tàbí sítóòfù?

Ó ṣeé ṣe, bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ wá ìkòkò ńlá tó fẹ̀, irú èyí tí a fi ń se ìrẹsì ayẹyẹ. Kí ẹ tó dáná rárá, ẹ gbé páànù náà sínú rẹ̀ kí ẹ sì dé e, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ọwọ́ páànù gbà. Mo mọ ẹni tó po kéèkì tán, tó tan iná tán, tí ìdérí kò sì pa dé.

Ẹ da yanrìn gbígbẹ tí ẹ ti kù sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, kó jìn tó ìka méjì. Ẹ gbé òkúta mẹ́ta tó dọ́gba lé e, òun ni ààrò tí páànù máa jókòó lé. Ẹ dé ìkòkò náà, kí ẹ jẹ́ kó gbóná fún 20 ìṣẹ́jú kí ẹ tó gbé páànù wọlé. Tó bá jẹ́ èédú ni, ẹ kó ẹ̀yinná díẹ̀ sórí ìdérí kí ooru lè ti òkè wá náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìsàlẹ̀ á ti gbó kí ojú rẹ̀ tó gbẹ. Ó máa ń gbà tó ìṣẹ́jú 35 sí 40. Ẹ má ṣí i kó tó pé ìṣẹ́jú 25.

Mi ò fẹ́ràn sítóòfù kẹrosíìn fún un. Bí iná rẹ̀ bá ti pọ́n báyìí, òórùn rẹ̀ á wọ inú kéèkì, kò sì sí bí ẹ ṣe máa yọ ọ́.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti jinná?

Nínú gbogbo ìbéèrè yìí, èyí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù. Ẹ gbọ́dọ̀ gbé e kúrò lórí iná kó tó jinná tán. Irin kì í mọ̀ pé a ti paná. Bí ẹ bá gbé páànù jáde, ooru tó wà lára rẹ̀ á ṣì máa yan kéèkì náà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá ti jinná tán nínú ààrò, ó ti gbẹ kó tó dórí tábìlì nìyẹn.

Nínú ààrò gáàsì, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò láti ìṣẹ́jú 22. Ẹ mi páànù náà díẹ̀. Etí rẹ̀ yíká, tó fẹ̀ tó ìka méjì, gbọ́dọ̀ dúró gbọin. Àárín gbọ́dọ̀ máa mì bí ẹ̀kọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì. Ẹ ti igi ìtayín bọ agbede méjì etí àti àárín. Tó bá jáde pẹ̀lú omi kòkó, ẹ dá a padà fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Tó bá jáde pẹ̀lú ẹ̀rún tútù tó lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ gbé e jáde. Tó bá jáde ní mímọ́ tónítóní, ẹ ti pẹ́.

Kéèkì tí mo kọ́kọ́ yan fún ìkórè ìjọ wa, mo dúró de igi mímọ́, bí wọ́n ṣe kọ́ mi fún kéèkì ọjọ́ ìbí. Nígbà tí a fi máa gé e, ó ti dà bíi búrẹ́dì ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n èmi mọ̀.

Ṣé mo lè gé e ní gbígbóná?

Ẹ jẹ́ kó sinmi fún ìdajì wákàtí. Bí ẹ bá fẹ́ ìgé tó mọ́, ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá, kí ẹ sì máa nu ọ̀bẹ lẹ́yìn ìgé kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fẹ́ fi ṣíbí bù ú pẹ̀lú áísìkiríìmù, ìṣẹ́jú 15 ti tó. Ẹ̀pà yíyan tí ẹ gún wómúwómú lé e lórí dára púpọ̀, èmi fẹ́ràn rẹ̀ ju áísìkiríìmù lọ.

Ẹ fi aṣọ bo ọwọ́ páànù ní gbogbo ìgbà tó bá wà lórí tábìlì. Kì í pọ́n, kì í rú èéfín, kò sì sí ohun tó máa sọ fún ọmọdé pé ó ṣì gbóná.

Ó lẹ̀ mọ́ páànù. Kí ló fà á?

Bóyá páànù kò tíì mu epo tó, bóyá bọ́tà kò kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tàbí kó jẹ́ pé ẹ gbìyànjú àtiyọ ọ́ kó tó sinmi. Ẹ gé bébà ìyan-kéèkì róbótó kí ẹ fi tẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ fún ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn páànù á ti mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ìdí rẹ̀ jó, àárín rẹ̀ sì jẹ́ omi. Ibo ni mo ti ṣìṣe?

Páànù ti gbóná jù kí ẹ tó da kéèkì sí i, tàbí iná ìsàlẹ̀ ti pọ̀ jù. Irin kì í pín ooru kiri ara rẹ̀ kíákíá bí álúmínì, ibi tí iná ti ń gbá a gan-an ló máa ń gbóná jù. Tí ẹ bá ń yọ́ bọ́tà, kí iná kéré, kí ẹ sì máa yí páànù. Tí kéèkì bá sán ṣàà nígbà tí ẹ dà á sínú rẹ̀, páànù ti gbóná kọjá ààlà.

Nínú ìkòkò oníyanrìn, ẹ gbé òkúta ga sí i, kí ẹ dín èédú ìsàlẹ̀ kù, kí ẹ fi kún tòkè.

Ojú tèmi kì í dán. Kí ni ẹ̀ ń ṣe sí tiyín?

Mò ń lu ẹyin àti ṣúgà pẹ́. Ojú tó ń dán yẹn, ṣúgà tó yọ́ sínú ẹyin ni, tó gòkè wá gbẹ. Ṣúgà oníhóró ńlá kì í tètè yọ́. Ẹ kọ́kọ́ lọ̀ ọ́ díẹ̀ nínú bùlẹ́ńdà. Ẹ má sì dín ṣúgà kù sí ìsàlẹ̀ gíráàmù 200, nítorí ṣúgà náà ló ń mú kí inú rẹ̀ tutù.

Páànù mi kéré. Báwo ni kí n ṣe dín in kù?

Fún páànù ínǹṣì 8, ẹ mú ìdá méjì nínú mẹ́ta: ẹyin méjì, bọ́tà 100, ṣúgà 165, páúdà kòkó 55, fùláwà 55. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò láti ìṣẹ́jú 20.

A fi páànù yìí dín ẹja rí. Ṣé òórùn rẹ̀ kò ní wọ kéèkì?

Á wọ̀ ọ́. Awọ epo tó wà lára irin máa ń gba òórùn ẹja àti àlùbọ́sà mọ́ra. Ẹ da iyọ̀ tó nípọn sínú rẹ̀, kí ẹ gbé e ka iná fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ fi aṣọ gbígbẹ fọ́n ọn kiri, lẹ́yìn náà kí ẹ dà á nù. Ó máa ń dín kù gan-an. Bí ẹ bá ń yan án tà, ẹ yà páànù kan sọ́tọ̀ fún ohun dídùn, kí ẹ sì sọ fún gbogbo ará ilé.

Ṣé òótọ́ ni pé a kò gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ fọ páànù irin?

Ọṣẹ olómi ìfọbọ́ tó wà lóde báyìí kò ṣe é ní nǹkan kan, bó bá jẹ́ díẹ̀. Ọṣẹ dúdú wa ló yẹ kí ẹ yẹra fún. Eérú ni a fi ń ṣe é, nígbà mìíràn eérú èèpo kòkó gan-an, omi eérú náà sì máa ń bó awọ epo kúrò lára irin. Kànrìnkàn onírin náà máa ń họ ọ́.

Ẹ má rẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ nù ún, ẹ gbé e ka iná títí á fi gbẹ, kí ẹ sì fi òróró ẹyọ méjì nu inú rẹ̀. Ẹ má sì da omi tútù sí i nígbà tó bá gbóná. Mo ti fi ọwọ́ ara mi ba páànù kan jẹ́ bẹ́ẹ̀: ó dún pọ́ọ̀, ó sì sán láti etí dé àárín. Irin dídà kì í tẹ̀, sísán ló máa ń sán.

Tèmi ti dógùn-ún. Ṣé kí n jù ú nù?

Ẹ má jù ú nù. Ẹ fi kànrìnkàn onírin họ ọ́ títí tí àwọ̀ irin á fi hàn (ibí yìí nìkan ni mo gbà yín láyè láti lò ó), ẹ fọ̀ ọ́, ẹ gbẹ ẹ́ lórí iná, kí ẹ jẹ́ kó mu epo lẹ́ẹ̀mẹta bíi tuntun.

Ṣé kí n fi kéèkì tó ṣẹ́kù sílẹ̀ nínú páànù di ọjọ́ kejì?

Ẹ kó o kúrò. Kòkó ní ìkan díẹ̀ nínú, ìyẹn ni pé ó máa ń kan lẹ́nu díẹ̀, bó bá sì sùn sínú irin, ó máa ń jẹ awọ epo, kéèkì náà á sì máa ta irin lẹ́nu. Ẹ kó o sínú abọ́ tó ní ìdérí. Nínú ooru wa, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ló lè lò lóde. Nínú fíríìjì, ó lè lo ọ̀sẹ̀ kan.

Ìyá mi ní àtọ̀gbẹ. Ṣé wọ́n lè jẹ díẹ̀?

Ẹ bi dókítà wọn. Ohun tí mo lè sọ fún yín ni iye tó wà níbẹ̀: bí ẹ bá gé odidi páànù sí méjìlá, ṣúgà inú ìgé kan tó gíráàmù 21, láìka ti inú ṣokoléètì gígé. Ẹ sọ iye yẹn fún dókítà, ó wúlò ju kí ẹ sọ pé kéèkì kékeré ni.

Ṣokoléètì tí mo rà ti funfun lójú. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Kò bàjẹ́. Ọ̀rá kòkó máa ń yọ́ ní nǹkan bí 34°C, mọ́tò tàbí ṣọ́ọ̀bù tó gbóná lọ́sàn-án ti tó láti yọ́ ọ. Bó bá tún dì lálẹ́, ọ̀rá náà á jáde sójú rẹ̀ ní funfun. Ẹ gé e sínú kéèkì, ẹnì kankan kò ní mọ̀. Tí funfun náà bá ní irun tàbí tó ń rùn, èébu nìyẹn, ẹ dà á nù.

Páúdà kòkó kan pupa díẹ̀, òmíràn dúdú. Èwo ni kí n rà?

Èyí tó pupa ni kòkó bó ṣe wà, ó ní ìkan díẹ̀. Èyí tó dúdú, wọ́n ti fi ohun bíi omi eérú pa ìkan rẹ̀. Ilé Van Houten ní Holland ló kọ́kọ́ ń ṣe é bẹ́ẹ̀, àwọn kan náà tí wọ́n gba ìwé àṣẹ ní 1828 lórí ọ̀nà tí wọ́n fi ń fún ọ̀rá kúrò nínú kòkó. Kéèkì tó bá ń lo béékìn sódà nílò èyí tó pupa, nítorí ìkan ló ń jí sódà. Tiwa kò ní sódà, nítorí náà méjèèjì ló ṣeé lò. Èmi máa ń pò wọ́n mọ́ra, ìdajì àti ìdajì: èyí tó dúdú fún àwọ̀, èyí tó pupa fún adùn.

Ẹ má fi kánún dán pípa ìkan kòkó wò nílé. Agbára kánún kì í dọ́gba, kéèkì náà á sì máa ta bíi ọṣẹ.

Bàbá mi ní oko kòkó. Ṣé mo lè fi kòkó oko wa yan án?

Ẹ lè ṣe é, inú mi sì máa ń dùn tí ẹnikẹ́ni bá bi mí. Owó kòkó ló rán mi àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi lọ sílé ìwé. A fá ẹran funfun ara hóró rẹ̀ jẹ lóko títí ètè wa fi bó, síbẹ̀ mo ti dàgbà kí n tó mọ bí hóró náà fúnra rẹ̀ ṣe máa ń dùn tí a bá yan án. Ẹ mú hóró tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò fún ọjọ́ márùn-ún sí méje, tí wọ́n sì sá gbẹ dáadáa. Èyí tí wọn kò bò kì í ní òórùn ṣokoléètì, bó ti wù kí ẹ yan án tó. Ẹ má mú èyí tí wọ́n sá sẹ́bàá títì, nítorí ó ti gba èéfín mọ́tò àti ọ̀dà. Èyí tí wọ́n fi iná igi gbẹ lásìkò òjò á máa ta èéfín, kò sì sí ohun tó lè mú un kúrò. Hóró tó bu, ẹ má fi ṣe oúnjẹ rárá.

Ẹ ṣa òkúta kúrò, kí ẹ yan án lórí iná wẹ́ẹ́rẹ́ nínú páànù irin yẹn gan-an, bí ẹni ń yan ẹ̀pà, láìdáwọ́ rírò dúró, fún bí ìṣẹ́jú 25. Tí èèpo rẹ̀ bá ń sán tó sì rọrùn láti bó, ó ti tó. Ẹ bó o, ẹ fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù, kí ẹ lọ̀ ọ́ nígbà tó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́, léraléra. Kò ní di páúdà. Nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ni ọ̀rá, nítorí náà ó máa ń ṣàn bí ẹ̀pà lílọ̀, bó bá sì tutù, á dì gbagidi.

Gíráàmù 130 rẹ̀ ló máa rọ́pò páúdà kòkó 80, ẹ sì máa dín bọ́tà kù sí gíráàmù 85 nítorí ọ̀rá tó ti wà nínú rẹ̀. Ẹ yọ́ òun àti bọ́tà pọ̀ nínú abọ́ tí ẹ gbé lé orí ìkòkò omi gbígbóná, kí ẹ má jẹ́ kí ẹ̀kán omi kan ṣoṣo bọ́ sí i, nítorí á dì gúlúgúlú lójú ẹsẹ̀. Lílọ̀ ilé kì í kúnná bíi ti ilé iṣẹ́, eyín yín á bá hóró kéékèèké pàdé níbẹ̀. Àwọn oníbàárà mi kan ní Ìkọ̀lé kò fẹ́ èyí tó kúnná mọ́, èyí tó ní hóró yẹn ni wọ́n ń béèrè.